Ohun Tí Ọmọ Ọ́ọ̀kì Ń Pe Bàbá Rẹ̀

Obìnrin kan wà tí àdúgbò ń pè ní Eléyín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà á wo ẹnu rẹ̀, á máa wá eyín tó ta síta, kò sì ní rí nǹkan kan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe, nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ilé ìtọ́jú eyín, níbi tí eruku funfun ti máa ń bà lé ohun gbogbo, títí kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Tí dókítà bá ti tẹ àwòṣe ẹnu aláìsàn tán, ọ̀dọ̀ Eléyín ló ń bọ̀. Á po símẹ́ńtì funfun, á dà á sínú àwòṣe náà, á dì, á sì di àgbọ̀n èèyàn lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé tó bá di àgbọ̀n ẹni tí kò rí rí mú, á ní, "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lonítọ̀hún fi ń jẹun," tàbí, "Eléyìí máa ń payínkeke lójú oorun." Àwọn àgbọ̀n tó tò sórí pẹpẹ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí tí iṣẹ́ á fi parí, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn kì í dá a lóhùn. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ràn wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ayé rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pé jọ sí pálọ̀ rẹ̀ láti ṣe eré kan tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe. Ẹnì kan nínú wọn ni atọ́kùn: òun ló ń sọ bí ibi tí wọ́n wà ṣe rí, ẹni tí wọ́n bá pàdé, àti ohun tí onítọ̀hún sọ. Olúkúlùkù àwọn yòókù á sọ ara rẹ̀ di ẹnì kan nínú ìtàn náà, á máa ṣèpinnu ohun tí ẹni náà ń ṣe. Tí ohun tó fẹ́ ṣe bá le, á ju dáìsì olójú púpọ̀ sórí tábìlì. Tí nọ́ńbà ńlá bá yọ, ó ti bọ́ sí i. Tí kékeré bá yọ, kó gba kámú.

Àwọn mẹ́ta ló ń bá Eléyín ṣe é. Èkíní ni Bọ̀dá Tírélà, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ọlọ́nà jíjìn, tó sì dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Jagunjagun aláàáké ló máa ń jẹ́ nínú eré, ìjà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Èkejì ni Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tó ti gba ọmọ tí kò lóǹkà, tó máa ń ṣe jẹ́jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé olè paraku ló yàn láti jẹ́ nínú eré. Ẹ̀kẹta ni àbúrò Eléyín fúnra rẹ̀, onígbàjámọ̀, tó ń ṣe onídán. Ẹni tó ń ṣe atọ́kùn wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ tíṣà, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ọjọ́ tó ń lọ, ó gbé àpò dáìsì lé Eléyín lọ́wọ́. "Ìwọ ló kàn," ó ní. "Mo fi wọ́n sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Ọ́ọ̀kì ló kún orí òkè. Wọ́n ń já kẹ̀kẹ́ iyọ̀ àwọn ará abúlé gbà lọ́nà. Jẹ́ kí wọ́n gòkè lọ pa wọ́n, ó parí."

Irú eré yìí kì í sábà ṣe aláìní ọ́ọ̀kì. Ẹ̀dá gìrìwò ni wọ́n, ara wọn dà bí ewé tó ti gbó, eyín gígùn méjì sì máa ń yọ láti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn lọ sókè bí ìwo màlúù. Iṣẹ́ wọn nínú ìtàn kò ju kí wọ́n bú ramúramù, kí wọ́n sáré jáde láti inú ihò, kí wọ́n sì kú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Eléyín di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ìyá àgbàlagbà kan mú, ó ń fá etí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì wà lórí òkè. Bí òun yóò ṣe ṣe é tí ìjà náà á fi dùn ló ń rò. Àfi bó ṣe bi ara rẹ̀ pé, "Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń jẹun?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Tí eyín méjì bá ga tó bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àgbọ̀n kò ní lè yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ kò bá sì lè yí kò lè lọ nǹkan kúnná lẹ́nu. Hóró ọkà ò ṣeé jẹ fún un. Ẹran àìsè gan-an ò ṣeé jẹ! Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ pé ọ́ọ̀kì ń fa ẹran tútù ya jẹ, irọ́ gbuu ni! Á máa sè é ni. Á sè é, á sè é, títí á fi rọ̀ bí òwú. A jẹ́ pé ìkòkò ńlá á wà láàárín ìlú wọn, iná ò sì gbọ́dọ̀ kú nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ iná náà lọ́ba wọn. Tí ẹran ò bá sì gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kí wọ́n tó sè é...

"Iyọ̀!" ni Eléyín pariwo sí àwọn àgbọ̀n orí pẹpẹ. "Ìdí tí wọ́n fi ń jí iyọ̀ nìyẹn!"

Ó dìde, ó tún jókòó. Ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kó lọ sinmi jẹun, oúnjẹ ò wọlé. Símẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ ló kó jọ, ó fi mọ àgbọ̀n ọ́ọ̀kì, ó gbẹ́ eyín méjèèjì tó dà bí ìwo yẹn, ó fi wọ́n sáàyè wọn, ó sì gbé e sórí pẹpẹ kó gbẹ. Kò rántí pé ibẹ̀ ni dókítà máa ń wá yẹ iṣẹ́ wò.

Dókítà wọlé lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ bọ́ sí i. "Yéè! Aláìsàn wo nìyí? Ìgbà wo ló wọlé? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí?"

"Kì í ṣe aláìsàn, sà. Ọ́ọ̀kì ni."

"Ọ́ọ̀kì? Ìdílé wo nìyẹn? Ṣé gbogbo wọn ló rí báyìí?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Eléyín, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí símẹ́ńtì ilé iṣẹ́ ló fi ṣeré. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Dókítà gbé àgbọ̀n náà lọ sídìí fèrèsé, ó yí i po, ó tún un yí, ó fi ìka tẹ ìdí eyín náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ti jẹ́ kí egungun tinrín jù níbí. Gbòǹgbò eyín yìí á jìn. Kó o wá jẹ́ kí kòkòrò wọ̀ ọ́!" Ojú rẹ̀ ti ń tàn. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, orí á máa fọ́, etí á máa dún. Ọ̀rọ̀ ìbínú wọn yẹn, Eléyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé inú ń bí wọn ṣáá, eyín ló ń dùn wọ́n! Tó bá ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀, màá bá gbogbo ayé jà."

Bó ṣe jáde nìyẹn, kò bá a wí. Kò pẹ́ ló tún yọ orí wọlé. "Ṣé wọ́n ní ẹni tó ń yọ eyín níbẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Wádìí rẹ̀ o."

Eléyín délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi mú ìdérí bírò méjì, ó tì wọ́n bọ àárín ètè rẹ̀ nísàlẹ̀ bí eyín ọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ níwájú dígí ilé ìdáná. Ohun tó ń jáde burú jáì. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ láti yàrá, ó sì jáde wá.

Láti ìgbà tí ìyá Eléyín ti kú ni bàbá yìí ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi dúró láàárín adájọ́ àti ẹlẹ́jọ́, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu eléyìí, tó ń fi lé tọ̀hún létí, láìfi iyọ̀ sí i, láìyọ ata kúrò. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni wọ́n yọ gbogbo eyín òkè rẹ̀. Èrìgì rẹ̀ kò tíì jinná tó kí wọ́n fi tuntun sí i, ìtìjú sì mú un. Kò jẹ́ jáde sí àlejò mọ́. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló ṣe ọ́?" ó bèèrè láti ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́. "Ṣé egungun há ọ lọ́fun ni?"

Eléyín yọ ìdérí bírò. "Bàbá, ẹ jókòó. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan." Ó sọ fún un nípa òkè, iyọ̀, ìkòkò, àti eyín tó dà bí ìwo. "Ètè wọn ò lè pa dé, ẹ̀ ń rí i? Wọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ tí ètè bá gbọ́dọ̀ pa dé kó tó jáde."

Bàbá náà yí ojú sókè bí ẹni tó ń ka nǹkan lára àjà. "Ìyẹn ni pé wọn ò lè sọ 'mo'."

"Háà!"

"Wọn ò lè sọ 'èmi'. Wọn ò lè sọ 'tèmi'. Fi nǹkan ẹ yẹn sẹ́nu padà, jẹ́ ká dán an wò."

Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá á pe ọ̀rọ̀, ọmọ á gbìyànjú rẹ̀. "Ilé!" Ó jáde. "Ẹ̀jẹ̀!" Ó jáde. "Ìyá!" Ó jáde geere, bí omi. "Bàbá!" "Á... á," ni Eléyín wí, itọ́ sì dà sí i lágbọ̀n.

Ojú bàbá fà ro. "Lẹ́yìn gbogbo wàhálà mi, ọmọ ò wá lè pè mí?"

"Wọ́n á wá orúkọ mìíràn fún yín."

Ó ronú sí i, ó ń fi ìka gbá orúnkún. "Àká," ó ní níkẹyìn. "Kí wọ́n máa pè é ní Àká. Ibi tí oúnjẹ ń gbé tí ebi kì í fi í pa ọmọ. Sọ ọ́ wò."

"Àká," ni Eléyín wí pẹ̀lú ìdérí bírò lẹ́nu, ó sì jáde láìsí wàhálà.

"Ó dára!" Bàbá náà lu tábìlì. Ọwọ́ tó fi ń bo ẹnu náà ló fi lù ú. Eléyín rí i, kò sì sọ nǹkan kan, kí ọwọ́ náà má bàa padà síbi tó ti wá.

"Nígbà tí wọn ò sì lè sọ 'tèmi'," ó ní, ọ̀rọ̀ ń lé ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, "a jẹ́ pé gbogbo wọn ló jọ ni nǹkan gbogbo! Kò ní sí olè, kò ní sí ìjà ogún..."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, má sọ wọ́n di áńgẹ́lì o. Mo ti ṣe ògbufọ̀ rí fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí ò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dù. Kò sẹ́ni tó sọ 'tèmi' nínú wọn, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí ò bá lè sọ 'tèmi' á jókòó lé e ni."

"Á jókòó lé e," ni Eléyín tún wí. "Òfin wọn nìyẹn! Ohun tó o bá jókòó lé, tìẹ ni, títí wàá fi dìde."

"Àfi ìkòkò."

"Kí ló dé?"

"Ta ló máa jókòó lé ìkòkò gbígbóná?"

Wọ́n pariwo ẹ̀rín. Bó ṣe di pé ìkòkò jẹ́ ti gbogbo ìlú nìyẹn. Wọ́n ò tíì sinmi ẹ̀rín tí bàbá fi bi í pé, "Tí wọ́n bá wá darúgbó ńkọ́? Ṣé eyín tiwọn kì í ká?"

Eléyín wo ẹnu bàbá rẹ̀. Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sọ sí àwọn méjèèjì lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tó bá ká," ni Eléyín wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ètè á pa dé."

"Á lè sọ èdè èèyàn," ni bàbá wí. "Òun nìkan. Arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká nìkan ló lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn." Ó ti dìde dúró láìmọ̀. "Ògbufọ̀ ni wọ́n!"

Ọjọ́ tó kù kí Sátidé pé, Eléyín ò mọ ibi tó ń gbà délé. Ẹnikẹ́ni tó bá pàdé, ẹnu ló ń wò. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ Fúráìdé ni àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù, Eléyín sì sọ fún un pé àwọn ọ́ọ̀kì ní òfin àti ìkòkò. "Àǹtí mi," ni àbúrò wí, "ọ́ọ̀kì ni o. Bọ̀dá Tírélà ti wà lójú títì láti ọjọ́ Ajé. Ó fẹ́ gé nǹkan ni. Tẹ́ ẹ bá ní kó wá jókòó gbọ́ ìtàn ìkòkò, á sùn lọ. Ẹ jẹ́ ká pa wọ́n." Inú Eléyín bà jẹ́ díẹ̀. Ó rò ó bóyá kóun ṣe bí Tíṣà ti wí. Bàbá rẹ̀ ló ní, "Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mọ́." Ó wá fi kún un pé, "Mo lè jókòó sẹ́bàá fèrèsé lọ́la. Màá ka ìwé ìròyìn mi. Tó o bá nílò mi, sọ pé ẹnì kan dìde."

Sátidé pé. Bọ̀dá Tírélà wọlé, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun. "Àwọn ọ́ọ̀kì mi dà?"

Eléyín bẹ̀rẹ̀. Ó mú wọn gba ojú ọ̀nà olókùúta gòkè, títí ọ́ọ̀kì méjì fi yọ sí wọn níwájú pẹ̀lú kùmọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀ bí ọ́ọ̀kì, ó ya ètè rẹ̀ sílẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn: "Ẹ dúró! Ta ni yín? Ilẹ̀ ìyá ẹni yìí lẹ tẹ̀ yẹn. Ẹni yìí kò ní jà tí ẹ kò jà."

"Mo yọ àáké," ni Bọ̀dá Tírélà wí.

"Ẹ dúró ná, Bọ̀dá." Nọ́ọ̀sì ti fi ọwọ́ lé e lápá. "Eléyín, jọ̀ọ́, tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Kí ló dé tó ń sọ 'ẹni yìí, ẹni yìí'? Kí ló dé tí kò ní 'mi ò ní jà'?" Nọ́ọ̀sì ń wo ẹnu Eléyín bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun tó kọ̀ tí kò ké. Lójijì ó fò dìde. "Kò pa ètè dé! Látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, ètè ẹ̀ ò kan ara wọn! Eyín wọn ni kò jẹ́ kí..."

"Ó pa ètè dé o, kò pa á dé o," ni Bọ̀dá Tírélà wí, "àáké mi á bá a pa á dé."

Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àbúrò Eléyín ò mọ ẹni tóun máa tẹ̀ lé. Eléyín yára sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wọn ò sá, wọn ò jà, títí wọ́n fi wọ gbàgede kan. Ìkòkò tó tóbi bí yàrá wà láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yí i ká, olúkúlùkù jókòó lé òkúta tirẹ̀ gbọin-in, kí ẹlòmíràn má gbà á. "Ẹnì kan," ó ní, "dìde lẹ́yìn ìkòkò náà."

Ìwé ìròyìn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá dìde. Kò bo ẹnu.

"Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní. "Mo mọ̀ pé àwọn ará ìsàlẹ̀ ló bẹ̀ yín wá pa wá. Jagunjagun, fi àáké yẹn sílẹ̀ ná." 'Fi' náà jáde bí 'hi', atẹ́gùn gba àárín èrìgì rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àbúrò Eléyín la ẹnu sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ní gbangba báyìí.

Arúgbó ọ́ọ̀kì náà rojọ́. Ihò iyọ̀ kan wà ní ìbàdí òkè tí àwọn ìyá ìyá wọn gbẹ́. Olówó kan láti abúlé wá kan ilẹ̀kùn sí i, ó ní tòun ni. "Àwọn ọmọ wa ò lè sọ pé 'tèmi ni'. Wọ́n lọ jókòó lé e. Ó fi ọ̀kọ̀ lé wọn dìde."

Àáké Bọ̀dá Tírélà ṣì wà lókè. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó fọn imú, ó sì bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí: "Àwọn ọmọ tó wà nídìí ìkòkò yìí, bàbá wọn dà?"

"Àwọn lẹ pàdé lọ́nà," ni arúgbó dáhùn.

"Nígbà tí wọn ò lè pa ètè dé, kí ni wọ́n ń pè wọ́n?"

"Àká. Bí àká tí à ń kó oúnjẹ sí."

Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó máa ń gbé irẹsì àti símẹ́ńtì ká ojú títì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń rí i ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá rí i rárá, pe orúkọ náà wò. "Àká," ó wí fún ara rẹ̀. Ó tún wí i. Lẹ́yìn náà ló gbá tábìlì tí dáìsì fi fò. "Níbo lolówó iyọ̀ yẹn wà? Ẹ dìde! Kí lẹ jókòó lé? Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ó bá di eré sísá. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ihò iyọ̀, jagunjagun níwájú, arúgbó lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ọ́ọ̀kì lẹ́yìn. Eléyín di olówó iyọ̀, ó ń fọ́nnu. Bàbá ń túmọ̀ sọ́tùn-ún, ó ń túmọ̀ sósì, ohùn ilé ẹjọ́ rẹ̀ àtijọ́ ti padà wá pátápátá. Tí olówó bá purọ́, á tún irọ́ náà sọ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n á fà á gùn débi tí gbogbo èèyàn á fi gbọ́ pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ sí àdéhùn nígbà tí ọ̀dọ́ ọ́ọ̀kì kan bú ramúramù, tó sì gbá ẹ̀ṣọ́ olówó ní kùmọ̀.

"Ó tán!" ni àbúrò Eléyín pariwo. "Ogun dé!"

"Ọ̀kọ̀ ti ń jáde," ni Eléyín wí. "Ọ̀dọ́ náà ń yí po, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, omi ń bọ́..."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo?" ni Nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Ti òsì. Ó wú."

"Eyín ló ń dùn ún!" Nọ́ọ̀sì ti wà lórí ìdúró. "Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, eyín ló ń dùn ún! Mo fò mọ́ ọn lọ́rùn. Olè ni mí, ọwọ́ mi yá. Irin tí mo fi ń ṣí àgádágodo wà lápò mi, mo fi yọ eyín náà!"

"Láàárín ọ̀kọ̀?"

"Láàárín ọ̀kọ̀!"

"Nọ́ńbà tó ga jù lọ nìkan ló lè gbà ọ́."

Nọ́ọ̀sì kó dáìsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì jù ú. Ó yí lọ, ó kan ife, ó kan ìgbọ̀nwọ́ Bọ̀dá Tírélà, ó yí padà, ó dúró. Nọ́ńbà tó ga jù lọ ló yọ.

Ariwo tó sọ nínú pálọ̀ náà kò kéré. Bọ̀dá Tírélà gbé Nọ́ọ̀sì sókè. Àbúrò ń jó lórí àga. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì sáré wá kan ilẹ̀kùn, ìdì aṣọ fífọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà," ni bàbá dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú èrìgì lásán. "Eyín la yọ."

Obìnrin náà wo ẹnu bàbá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ó sì lọ.

Olówó iyọ̀ rí ọ̀dọ́ ọ́ọ̀kì tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́ léjìká olè, ó rí i pé àwọn ẹ̀ṣọ́ òun ti ń fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó sì gun ẹṣin, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sá lọ. "Kọ́kọ́rọ́ kí ni?" ni Bọ̀dá Tírélà wí. "Kí ni mo wá gbé àáké rù láti àárọ̀ fún?" Ó ju dáìsì, ilẹ̀kùn ihò iyọ̀ sì fọ́ yángá.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, nǹkan yí padà nínú ilé náà. Bàbá ń jáde sí àlejò. Èrìgì rẹ̀ jinná, Eléyín sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe eyín rẹ̀, ó dán an, ó tún un dán, ó bá a lẹ́nu bí ẹni pé ó bá a wáyé ni. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, tó bá ti kan arúgbó ọ́ọ̀kì láti sọ̀rọ̀, bàbá á bọ́ eyín náà sínú ife omi, á nu ètè, á sì dìde. Bọ̀dá Tírélà pè láti ojú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, kò ní iṣẹ́ pàtàkì kan, ó kàn fẹ́ sọ pé àbíkẹ́yìn òun ti ń pe òun ní Àká lórí fóònù, ìyá rẹ̀ sì ń bèèrè irú orúkọ tí èyí jẹ́.

Dókítà náà wá jókòó ní Sátidé kan, ó ní òun kàn fẹ́ wòran ni. Kò pẹ́ tó fi di oníṣègùn eyín tó gòkè lọ bá àwọn ọ́ọ̀kì gbé. Ìjà àkọ́kọ́ tó bá Nọ́ọ̀sì jà ni ti ọmọ ọwọ́: ìgbà wo gan-an ni eyín ìwo máa ń yọ lẹ́nu ọmọ ọ́ọ̀kì? Dókítà ní ó ti máa ń yọ kí wọ́n tó bí i. Nọ́ọ̀sì fò sókè, ó ní ẹni tí kò bá gba ọmọ rí ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ó máa gba ibo jáde? Báwo ló ṣe máa mu ọmú? Ìyá wo ló máa gbà?" Àbúrò Eléyín ní bóyá wọ́n máa ń fi ewé wé eyín náà ni. Bọ̀dá Tírélà ní kò sí bí ọmọ á ṣe rí tí bàbá kò ní gbé e. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rojọ́ tirẹ̀ tán.

Eléyín ò dá sí i. Ó ti na ọwọ́ mú amọ̀ díẹ̀ láti inú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mọ àgbọ̀n kan tó kéré, tó kéré gan-an, tó lè wọ inú ìkúùkù. Ó fi ìka wá ibi tí ó tọ́ kí eyín ti yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ariwo àwọn èèyàn rẹ̀ sì kún ilé.